Shortlet kan lọ́wọ́ Under G, Ògbómọ̀ṣọ́: ilé náà dáa, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ló pọ̀

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ẹni tó ń kánjú lóhùn ná. Tó bá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ̀ ń wá, tówó sì wà lọ́wọ́ yín, shortlet yìí (ilé tí wọ́n kó àga àti bẹ́ẹ̀dì sí, tí wọ́n ń yá àlejò lálaalẹ́) dáa, ó mọ́ tónítóní, omi ń yọ, kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́ta àtààbọ̀ ni mo fún un. Ohun tí ò jẹ́ kó pé mẹ́rin, ọ̀rọ̀ gígùn ni, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n máa tẹ eléyìí lórí fóònù lóru, ẹni tí ò bá ráyè lè yà síbí.

Mi ò ní dárúkọ ilé náà o, ẹ má wulẹ̀ wá bi mí ní kọ̀rọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ẹ́jẹ́ńtì tó bá mi gbà á, onílé náà ò sì ṣẹ̀ mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ Under G ni, ó wọnú díẹ̀ sí títì, tẹ́ ẹ bá gun ọ̀kadà láti géètì LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀ rárá. Fúláàtì oníyàrá méjì ni, mẹ́rin irú ẹ̀ ló wà nínú ọgbà yẹn, méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ti di shortlet. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Kí ẹnì kan tó bi mí pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo ló ń sanwó sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́: ọmọ Ajílété ni mí, níbi wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan, ilé bàbá mi wà níbẹ̀, kò wó, wọn ò sì lé mi. Òkú àgbà la lọ ṣe. Ẹbí ti Jos dé, ti Kaduna dé, ti Èkó dé, ti ìlú òyìnbó náà fi ẹnì kan ránṣẹ́, ilé wá kún débi pé àwọn kan ń sùn sórí àga pálọ̀, àwọn kan tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi tí ẹ̀yìn ń dùn látorí títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ (títì yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lónìí) mo ní ó yá, ẹ jẹ́ n wá ibi tí mo máa na ẹ̀yìn sí. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tí mo pè ti kún, òpin ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ìlú ń gbéyàwó ni. Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò ìyá mi, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú níbẹ̀, ló ní bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n fi nọ́mbà ẹ́jẹ́ńtì kan ránṣẹ́ sí yín. Ó wá fi ẹ̀rín tẹ̀ lé e, ẹ̀rín kan báyìí tí mi ò mọ ìdí ẹ̀ nígbà yẹn.

Ó dáa, ilé. ₦35,000 ni wọ́n ń gbà lálẹ́ kan, wọ́n á tún gba ₦20,000 owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n á dá padà tẹ́ ò bá ba nǹkan jẹ́. WhatsApp la ti sọ gbogbo ẹ̀, mo ṣe trànsífáà, wọ́n fi àwòrán ọ̀nà ránṣẹ́, bàbá kan tó ń ṣọ́ ilé ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Gbàrà tí mo wọlé, òórùn ọ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ kí mi. Táìsì funfun káàkiri, àga aláwọ̀ eérú, tẹlifíṣàn ńlá lára ògiri, AC nínú yàrá méjèèjì àti ní pálọ̀. Bẹ́ẹ̀dì yẹn, mi ò ní parọ́, ó dáa ju èyí tó wà nílé mi l'Ékòó lọ, bẹ́ẹ̀díṣíìtì funfun báláú, ìrọ̀rí mẹ́rin fún orí ẹyọ kan. Omi gbígbóná ń yọ nínú báàfù. Ṣáwà òkè ò lágbára, ó ń kán tó tó tó bíi pé wọ́n ń fi ṣẹ̀sín ni, àmọ́ wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ike ìbuwẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn sì tó ọmọ Yorùbá.

Iná ńkọ́? Ínfátà wà, sólà wà lórí òrùlé, fíríìjì àti fáànù ò kú rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, àmọ́ tí iná bá ti lọ AC náà ti lọ nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, láti aago méje sí mọ́kànlá alẹ́. Kò sí níbì kankan nínú ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi kí n tó sanwó. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́. WiFi ń sáré lóru, lọ́sàn-án ó máa ń rìn bí ẹni tó ń ronú.

Kíṣínì ló bí mi nínú díẹ̀. Gáàsì wà, kò gbẹ, ó dáa. Àwo wà, ife wà, ife wáìnì gan-an wà, mẹ́fà. Ẹ gbọ́ ohun tí ò sí: ọmọrogùn! Ilé tí wọ́n kọ́ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ látòkèdélẹ̀, tí wọ́n ní kí àlejò máa dáná níbẹ̀, kò sí ọmọrogùn, ìkòkò kan ṣoṣo tó wà náà ò lè ro àmàlà ẹni méjì. Mo bi bàbá tó ń ṣọ́ ilé, bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ Èkó ló ra àwọn nǹkan inú kíṣínì. Ìyẹn nìkan ti yọ ààbọ̀ ìràwọ̀ kúrò, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ariwo wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Àdúgbò ọmọ iléèwé ni Under G, títí di ọ̀gànjọ́ ni orin ń lu, ẹlẹ́ran súyà, oníbúrẹ́dì, POS, ọ̀kadà, gbogbo ẹ̀ ń lọ ní ìrẹpọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ o. Àgbà tó bá fẹ́ sùn jẹ́jẹ́ kó wá apá ibòmíì lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀kùn gbà gbà gbà. "Ìyá Ìbejì o! Ẹ̀kọ dé o!" Mo rò pé àdúgbò kejì ni, ó tún gbá a. Mo wé táwẹ́ẹ̀lì, mo ṣílẹ̀kùn. Ìyá arúgbó kan ni, ó sọ igbá kalẹ̀, ó ti ń ṣí ewé lórí ẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Háà! Ẹ máà bínú o, sà. Ìyá Ìbejì ò tíì jí ni?"

"Ẹ kàárọ̀ mà. Kò sí Ìyá Ìbejì níbí o, mà. Àlejò lèmi."

"Àlejò wọn?"

"Rárá o, mà. Wọ́n ti sọ ibí di ilé àlejò ni. Wọ́n ń yá a lálaalẹ́."

Ìyá yẹn yọjú wo pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo àga, ó wo tẹlifíṣàn, ó tún wo nọ́mbà tó wà lára ilẹ̀kùn. Ó ní ẹsẹ̀ ló da òun jókòó sílé láti ọjọ́ yìí, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni, pé kò sẹ́ni tó sọ fóun. Gbogbo fúláàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lòun ń tà fún tẹ́lẹ̀ o, Ìyá Ìbejì nísàlẹ̀, ọ̀gá tíṣà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì méjì kan tó jọ ń gbé lókè, àti tọkọtaya kan tí wọn ò tíì bímọ. Ó ní àwọn ìbejì yẹn kì í jẹ búrẹ́dì, ẹ̀kọ nìkan. Mo ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún fi ẹyọ kan lé e, ó ní "ẹ kú àlejò o, ọmọ mi," ó gbé igbá, kò wulẹ̀ dé ilẹ̀kùn àwọn yòókù mọ́.

Bàbá tó ń ṣọ́ ilé ló wá tú àṣírí fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, láìjẹ́ pé mo fi dandan bi wọ́n, èèyàn tó dá nìkan jókòó sí ibùjókòó sẹ́kúríítì láti àárọ̀ máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀. Onílé ò sí nílùú. ₦350,000 lọ́dún ni Ìyá Ìbejì ń san, kì í jẹ owó, ó kàn máa ń pín in lẹ́ẹ̀mejì ni. Ìbátan onílé kan tó ń ṣe shortlet ní Lekki ló wá kí wọn, ló ní ẹ̀yin náà ẹ ń fowó ṣòfò. Wọ́n kọ kúìtì nótíìsì fún gbogbo ẹ̀, oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, tí ẹ̀gírímẹ́ǹtì ò bá sọ nǹkan míì, oṣù mẹ́fà ló yẹ kí nótíìsì ẹ̀ jẹ́, àmọ́ ta ló fẹ́ lọ sí kóòtù nítorí oṣù mẹ́ta? Wọ́n kó jáde. Tíṣà rí ilé lọ́nà Ìlọrin, tọkọtaya kó lọ sí Ọ̀yọ́, Ìyá Ìbejì padà sílé ẹbí ọkọ ẹ̀, yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. ₦350,000 lọ́dún. ₦35,000 lálẹ́. Òru mẹ́wàá péré. Tí àlejò bá sun fúláàtì kan fún òru mẹ́wàá láàárín ọdún kan gbáko, owó Ìyá Ìbejì ti pé, gbogbo òru tó kù, èrè ni. Ẹ yọ owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ kúrò, ẹ yọ ti ẹni tó ń fọ bẹ́ẹ̀díṣíìtì, ẹ yọ kọmíṣọ̀n ẹ́jẹ́ńtì, ẹ yọ àga àti AC tí wọ́n fi kún un, ó ṣì ń lérè. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ilé yẹn kì í kún. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, fúláàtì tó kọjú sí tèmi òfo ni, ọ̀kan lókè náà òfo ni. Bàbá ní àárín ọ̀sẹ̀ gbogbo ẹ̀ máa ń wà ní títì pa, òpin ọ̀sẹ̀, ọdún, àti ìgbà tí LAUTECH bá ń ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni èrò ń wọ́. Ilé wà, bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, iná ń jó nínú ẹ̀, kò sẹ́nì kan tó ń gbé inú ẹ̀, ó sì ń pawó lé owó tó ń pa nígbà tí èèyàn méjìlá ń gbé ibẹ̀. Ẹ ò rí i pé nǹkan ni!

Bẹ́ẹ̀ àbúrò mi nọ́ọ̀sì ń wá ilé. Òun ló fún mi ní nọ́mbà ẹ́jẹ́ńtì, ẹ rántí. Ẹ́jẹ́ńtì kan náà ló ń bá a wá rúùmù àti pálọ̀ láti bí oṣù mélòó kan, gbogbo ìgbà tó bá pè é, "Ántí nọ́ọ̀sì, kò tíì sí o, ẹ ní sùúrù." Èmi ní tèmi, kí n tó mu omi tán ó ti bá mi rí fúláàtì oníyàrá méjì. Ìdí tí àbúrò mi fi rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo bi ẹ́jẹ́ńtì yẹn nígbà tó wá gba kọ́kọ́rọ́, mo ní ọ̀gá, báwo ló ṣe jẹ́, ó ní ọ̀gá mi, tí mo bá fi ayálégbé sílé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mò ń gba kọmíṣọ̀n, lọ́dún kejì onílé á ní kí n yàgò, àmọ́ àlejò bíi tiyín, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wá ni mò ń rí tèmi. Kò parọ́. Mi ò lè bú u. Òun náà ní owó ilé tó ń san.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún onílé náà o, torí mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan tó fẹ́ sọ pé ilé ẹni ni, bó bá wu èèyàn kó fi sin adìẹ. Àwọn onílé Under G ti jẹ ìyà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni LAUTECH, tí owó ò délẹ̀, tí iléèwé wà ní títì fún oṣù gbọọrọ ní 2016 wọ 2017, àwọn ọmọ iléèwé gba ilé wọn lọ, àdúgbò yẹn dá páropáro, àwọn tó yá owó kọ́lé sí i ń wo ògiri. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ gba iléèwé náà fúnra ẹ̀ nìkan ní 2020 ni ọkàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀. Ayálégbé tí ò sanwó wà, èyí tó máa ba ilé jẹ́ wà, èyí tó máa gbé onílé lọ sí kóòtù kó sì jókòó sílé ọdún méjì wà. Àlejò shortlet sanwó kó tó wọlé, ó lọ kó tó di wàhálà. Tí mo bá jẹ́ onílé yẹn, mi ò mọ̀ bóyá mi ò ní ṣe é, kí n má purọ́.

Àmọ́ ẹ wo àwọn ìlú tó ti ṣe é jìnnà ṣáájú wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Airbnb, ilé iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń yá ilé fún àlejò, ẹ mọ̀ pé ìnira owó ilé ló bí i. Lọ́dún 2007 ní San Francisco, Brian Chesky àti Joe Gebbia ń wá bí wọ́n ṣe máa sanwó ilé, ìpàdé ńlá kan fẹ́ wáyé nílùú, hòtẹ́ẹ̀lì ti kún, ni wọ́n bá fẹ́ atẹ́gùn sínú mátírẹ́ẹ̀sì onírọ́bà, wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀, wọ́n gba àlejò, wọ́n fún wọn lóúnjẹ àárọ̀. Nathan Blecharczyk dara pọ̀ mọ́ wọn, ó sì di ilé iṣẹ́ ní 2008. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn fúnra wọn ń gbé inú ilé yẹn. Àlejò wọlé, kò sẹ́ni tó kó jáde.

Ohun tó ń da àwọn ìlú ńlá láàmú báyìí ni ìkejì ẹ̀, ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́, tó jẹ́ pé àlejò lásán ló ń wọlé tó ń jáde. New York fi òfin lé e, láti oṣù kẹsàn-án 2023, ẹni tó bá fẹ́ gba àlejò fún ọjọ́ tí ò tó 30 gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú, òun fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ilé nígbà tí àlejò wà níbẹ̀, àlejò ò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Amsterdam ní ẹ ò gbọdọ̀ fi gbogbo ilé yín yá àlejò ju òru 30 lọ lọ́dún, London ní 90. Barcelona ló le jù, méyọ̀ wọn, Jaume Collboni, kéde ní oṣù kẹfà 2024 pé tó bá fi máa di oṣù kọkànlá 2028, láísẹ́ńsì fúláàtì arìnrìn-àjò tó wà nílùú náà, gbogbo 10,101, kò ní sí mọ́, káwọn ará ìlú lè rí ilé gbé. Àwọn tó ni fúláàtì pariwo, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, kò yí i padà.

Ẹlòmíì á ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe Barcelona, shortlet mélòó ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an tó fi máa jẹ́ kí owó ilé wọ́n? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó wo ti Barcelona yẹn rí nǹkan kan tó yẹ ká gbọ́: káàkiri ìlú, Airbnb fi bíi 1.9% kún owó ilé, ìyẹn ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ládùúgbò tó ti pọ̀ jù, ó tó 7%. Kì í tú káàkiri, ojú kan ló máa ń dì sí. Ojú wo ló máa dì sí ní ìlú wa? Ẹni tó ń ṣe shortlet ò ní lọ ṣe é sí abúlé, ibi tí èrò ń wá ló máa ṣe é sí, ìyẹn Under G, Adénìkẹ́, àti àyíká àwọn ọsibítù. Ìlú wa ní ọsibítù olùkọ́ni méjì o, ti LAUTECH, àti Bowen tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Bátíìsì, 1907 ni wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Dọ́kítà kékeré tó wá ṣe háósì jọ́ọ̀bù, nọ́ọ̀sì, kọ́pà, ọmọ iléèwé, gbogbo wọn àyíká ibì kan náà ni wọ́n ti ń wá yàrá. Kò dìgbà tí ẹgbẹ̀rún ilé bá di shortlet. Tí ọgbà mẹ́rin márùn-ún bá di shortlet ládùúgbò kan, gbogbo onílé tó kù ládùúgbò yẹn á ti gbọ́ iye tí wọ́n ń pa, nígbà tí ọdún bá yí po, "owó ilé ti wọ́n o" ni ayálégbé máa gbọ́, bí onílé yẹn ò bá tiẹ̀ ní AC kan ṣoṣo.

Kẹ́ ẹ wá wò ó, àwọn tó nílò ibùsùn ọjọ́ díẹ̀ jù ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò lè sùn níbẹ̀. Ẹbí aláìsàn ni mò ń sọ. Ẹ lọ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù lóru, ẹ óò rí ẹní, ẹ óò rí fúláàsì, ẹ óò rí ìyá tó fi ìró bojú sùn, àwọn tó wá láti Kwara, láti Ṣakí, láti Ìgbẹ́tì. ₦35,000 kọ́ ni wọ́n lè san lálẹ́. Tí ẹnì kan bá ṣí ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú fún irú wọn, èmi gan-an máa wá kọ ọ́ síbí, máa fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún kó tó kun ọ̀dà.

Ohun tó wá ń ya mí lẹ́nu nìyí. Nínú gbogbo ìlú Yorùbá, Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tí ilé tó ń dá wà kún inú ẹ̀ fọ́fọ́! Àwọn bàbá wa rìn, wọ́n ṣòwò dé Jos, dé Kaduna, dé Ghana, ìgbà tí ìjọba Busia lé àjòjì ní Ghana lọ́dún 1969, àwọn tó ní ilé nílé rí ibi wọ̀, àwọn tí ò ní ilé rí màbo. Láti ìgbà yẹn, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń sọ ọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi á kọ́kọ́ kọ́lé sílé. Ó dáa. Àmọ́ ẹ rìn lọ sí àwọn àdúgbò tuntun yẹn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, géètì onírin, ọ̀dà rèterète, ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ ni gáádì kan àti alángbá. Onílé wà ní Houston, wà ní Abuja, Kérésìmesì àti òkú ló ń gbé e wálé. Irú ilé yẹn ló yẹ kó di shortlet! Ẹni tó bá ń yá a lálaalẹ́ ò lé ẹnikẹ́ni jáde, ó tiẹ̀ ń ṣe ilé lóore ni torí ilé tí èèyàn ò gbé kì í pẹ́ bàjẹ́. Kí wọ́n wá fi àwọn yẹn sílẹ̀ ní títì, kí wọ́n lé Ìyá Ìbejì kúrò ní Under G kí èmi lè rí ibi na ẹ̀yìn sí fún òkú ṣíṣe, mo kọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé kò sí òfin shortlet tó máa dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, mi ò sì fẹ́ kí káńsù wá fi owó orí tuntun yọ onílé lẹ́nu kí wọ́n sì jẹ owó náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé ó ṣeé ṣe ni ti àwa tá à ń sanwó. Kẹ́ ẹ tó ṣe trànsífáà, ẹ bi wọ́n léèrè: ilé yìí, ta ló ń gbé ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Tí wọ́n bá ní tuntun ni, tàbí ilé ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ni, ẹ lọ sùn. Tí ẹ́jẹ́ńtì bá ń ṣe "ẹ̀m, ẹ̀m," ẹ pe òmíì. Èmi ò bi wọ́n, torí kò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn, ìgbà míì màá bi wọ́n.

Ẹ jẹ́ n parí ti ilé, torí àyẹ̀wò ilé ni mo ní mo fẹ́ kọ. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń gba kọ́kọ́rọ́, wọn ò le mọ́ mi, mo pẹ́ díẹ̀ wọn ò gbówó lé e. Owó kọ́ṣọ̀n pẹ́ kó tó dé, mo fi ohùn ránṣẹ́ títí, ₦18,500 ló padà wọlé, wọ́n ní ife wáìnì kan sán. Èmi tí mi ò mu nǹkan kan nílé yẹn ju omi àti ẹ̀kọ lọ! Mo jẹ́ kó lọ torí bàbá tó ń ṣọ́ ilé, mi ò fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ lára owó wọn. Ìmọ́tótó, márùn-ún nínú márùn-ún. Iná, mẹ́ta. Kíṣínì, méjì, títí ọmọrogùn á fi dé. Ìwà àwọn òṣìṣẹ́, mẹ́rin àtààbọ̀, bàbá yẹn nìkan ni gbogbo ẹ̀. Fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó bá fẹ́ pín owó, ó sàn ju hòtẹ́ẹ̀lì lọ, fún ẹnì kan ṣoṣo ó wọ́n.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ bá ka eléyìí, àbúrò mi ṣì ń wá rúùmù àti pálọ̀, lápá Ìsàlẹ̀ General tàbí ibikíbi tí kò ní jìnnà sí ibiṣẹ́ fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru. Nọ́ọ̀sì ni, òun nìkan ni, kò ní ariwo, owó ọdún kan wà nílẹ̀. Ẹni tó bá mọ onílé kan kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọdọọdún ni o.